Ta Ló Ni Ẹnu Kọ̀ǹpútà? Ìtàn Ìjà Àwọn Alágbàtà Ìró Lórí Linux

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ẹ̀dá-èdè, ohùn ni oúnjẹ wa. Bí kọ̀ǹpútà bá yadi, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lo Linux, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ti gbó. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń bèèrè pé: kí ló dé tí Praat dákẹ́ nígbà tí orin inú bíráósà ṣì ń dún? Kí ló dé tí ìró pa rẹ́ lẹ́yìn tí mo fi ètò kan sí i, tí kò padà wá títí mo fi pa ẹ̀rọ tí mo sì tún un tàn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà yẹn kò bàjẹ́. Ìjà ló ń lọ lábẹ́lẹ̀, láàárín àwọn ètò tí wọ́n ń pè ní sound server. Èmi yóò máa pè wọ́n ní alágbàtà ìró, nítorí iṣẹ́ alágbàtà gan-an ni wọ́n ń ṣe: wọ́n dúró láàárín ètò tó fẹ́ dún àti káàdì tó ń gbé ìró jáde. Ìjà wọn lé ní ogún ọdún. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà parí rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà èdè. Ẹ jẹ́ ká gba orí rẹ̀ wá.

Ẹnu kan, ọ̀rọ̀ kan

Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló kéde Linux ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ní 1992, ọmọ Finland mìíràn, Hannu Savolainen, kọ díráfà tó jẹ́ kí Linux lè lo káàdì Sound Blaster, èyí tí ilé-iṣẹ́ Creative ti Singapore ń ṣe. Láti ara iṣẹ́ yẹn ni ohun tí a wá mọ̀ sí Open Sound System, OSS, ti jáde.

Ọ̀nà tí OSS ń gbà ṣiṣẹ́ rọrùn gan-an. Nínú Linux, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ hàn bíi pé fáìlì ni. Fáìlì ti ìró ń jẹ́ /dev/dsp. Ètò tó bá fẹ́ dún yóò ṣí i, yóò da nọ́ńbà sí i, káàdì yóò sì sọ nọ́ńbà di ìró. Ó tán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ètò kan ṣoṣo ló lè ṣí i lásìkò kan. Bí ètò kejì bá kan ilẹ̀kùn, "Device or resource busy" ni ìdáhùn tí yóò gbà: ọwọ́ ẹ̀rọ dí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ẹnu. Ẹni tó kù á lọ jókòó.

Ṣé kò ṣeé ṣe kí ìró méjì jáde pọ̀ ni? Ó ṣeé ṣe. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà lásán ni ìró: fún sídíì, 44,100 nọ́ńbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí orin àti ọ̀rọ̀ jọ dún, ẹ ó ro nọ́ńbà orin mọ́ nọ́ńbà ọ̀rọ̀. Àmọ́ àròpọ̀ yẹn ní ewu tirẹ̀. Nọ́ńbà oní-16-bit kò lè kọjá 32,767. Bí àròpọ̀ bá kọjá ibẹ̀, wọ́n á gé orí ìró, sípíkà á sì máa ya. Ewu kejì ni pé ìró kan lè jẹ́ 44,100 nígbà tí èkejì jẹ́ 48,000, a sì ní láti sọ ọ̀kan di irú èkejì kí a tó rò wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ lórí ohùn Yorùbá, ẹ má fi ojú kékeré wo ewu kejì yìí. Bí ẹ̀rọ bá ń gba ohùn ní 48,000, tí fáìlì sì ń pe ara rẹ̀ ní 44,100, ohùn tó jẹ́ 200 Hz lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ yóò di bíi 184 Hz nínú fáìlì. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò ní dà rú mọ́ ara wọn, nítorí gbogbo ohùn ló jọ wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Etí kò ní fura. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò kó nọ́ńbà èké lọ sínú tésíìsì rẹ̀.

Nítorí náà, àròpọ̀ yìí gba olùṣirò tó mọ iṣẹ́. Ta ni yóò ṣe é? Ìbéèrè yìí ló bí gbogbo ìjà tó tẹ̀ lé e.

Alágbàtà méjì, ilẹ̀kùn kan

Ẹni tó bá lówó kò mọ̀ pé ìjà kankan wà. Káàdì bíi Sound Blaster Live!, tó jáde ní 1998, ní ẹ̀yà inú tó ń ṣe àròpọ̀ fúnra rẹ̀. Ètò mélòó kan lè jọ sọ̀rọ̀, káàdì á bá wọn rò ó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú kò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀. AC'97, ìlànà tí Intel gbé jáde ní 1997, mú kí ẹ̀rọ ìró di ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní. Ìṣirò tí káàdì ọlọ́lá ń ṣe wá já lé sọ́fúwíà lórí.

Ibẹ̀ ni àwọn alágbàtà ti wọlé. GNOME àti KDE ni ẹgbẹ́ méjì tó tóbi jù nínú àwọn tó ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà Linux. GNOME gba alágbàtà kan tó ń jẹ́ esd, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe Enlightenment wá. KDE gba aRts, iṣẹ́ ọwọ́ Stefan Westerfeld, ó sì wà nínú KDE 2 tó jáde ní ọdún 2000. Ìlànà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé: alágbàtà nìkan ni yóò ṣí /dev/dsp, gbogbo ètò yòókù yóò máa gbé ìró wọn fún un, yóò rò wọ́n pọ̀, yóò sì fi ẹnu kan ṣoṣo sọ wọ́n jáde.

Ìmọ̀ràn tó dára ni, bí alágbàtà bá jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọba kì í pé méjì láàfin. Bí ẹ bá wà nínú GNOME, tí ẹ wá ṣí ètò kan tí wọ́n kọ fún KDE, aRts yóò jí, yóò lọ kan ilẹ̀kùn, yóò bá esd níbẹ̀. Ọ̀kan á dún, ọ̀kan á yadi. Àwọn ètò tí kò mọ esd, tí kò sì mọ aRts, á tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lọ bá /dev/dsp tààrà. Èdè méjì ni àwọn alágbàtà wọ̀nyí ń sọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kejì.

Kí ni wọ́n ṣe sí i? Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ méjì, esddsp àti artsdsp, tí ẹ ó kọ síwájú orúkọ ètò nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Ètò náà á rò pé /dev/dsp ni òun ṣí, láìmọ̀ pé wọ́n ti darí òun lọ sọ́dọ̀ alágbàtà. Wọ́n tún kọ́ àwọn alágbàtà pé bí ìró kò bá sí fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyẹn mú ìjà rọlẹ̀ díẹ̀. Kò parí rẹ̀.

ALSA dé, JACK náà dé

Ní apá ìsàlẹ̀, nínú kernel fúnra rẹ̀, Jaroslav Kysela, ọmọ ilẹ̀ Czech, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Káàdì Gravis UltraSound ló fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì wá di ALSA. Nígbà tí kernel 2.6 jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2003, ALSA ti gba ipò OSS. Ẹ kíyè sí bó ṣe gbà á: kò pa èdè OSS rẹ́. Ó ní apá kan tó ń ṣe bíi OSS, kí àwọn ètò àtijọ́ má baà yadi lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

ALSA tún ní dmix, ohun tó ń ṣe àròpọ̀ ìró láìsí pé alágbàtà kankan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Láti 2005, dmix ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ káàdì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ìjà ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n dmix kò mọ̀ ju ètò tó bá gba ẹnu ọ̀nà ALSA gan-an wọlé lọ. Ètò tó bá ń sọ èdè OSS àtijọ́ yóò gba ẹ̀yìnkùlé, yóò gba káàdì mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á tún padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn olórin ní ìṣòro tiwọn. Paul Davis, tó kọ ètò ìgbohùnsílẹ̀ Ardour, ló ṣáájú àwọn tó ṣe JACK. Ohun tí olórin ń fẹ́ ni pé kí ó tẹ dùùrù kí ó sì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Bí JACK bá ń kó nọ́ńbà 128 lẹ́ẹ̀kan nínú 48,000 tó wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdúró náà kò tó ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. esd àti aRts kò lè sún mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n JACK kò ní í bá ẹnikẹ́ni pín káàdì. Bí JACK bá wọlé, àwọn tó kù á jáde.

PulseAudio àti ariwo tó bá a wá

Lennart Poettering, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ alágbàtà kan ní 2004 tó pè ní Polypaudio. Ní 2006 ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí PulseAudio. Fedora 8 fi í ṣe alágbàtà àkọ́kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Ubuntu 8.04 tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin ọdún 2008.

PulseAudio ní ẹ̀bùn. Ó jẹ́ kí ẹ lè dín orin kù láìfọwọ́ kan ohùn ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó lè gbé ìró láti sípíkà lọ sí hẹ́dífóònù Bluetooth láìdá orin dúró. Ó gbọ́ èdè esd, nítorí náà ó wọ ipò esd láìsí ariwo. Ó tún fẹ́ fi iná bátìrì pamọ́: dípò kí ó máa jí ní gbogbo ìgbà, ó lè kó ìró tó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì jọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì padà sùn.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti dé. Kí ó tó lè sùn, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí káàdì ka nọ́ńbà dé gan-an. Díráfà ló yẹ kí ó sọ fún un, ọ̀pọ̀ díráfà kò sì sọ òtítọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè irú rẹ̀ rí. Ìró wá ń já. Yàtọ̀ sí ìyẹn, PulseAudio gbọ́ èdè ALSA díẹ̀, kò gbọ́ ọ tán. Ètò tó bá lo ìjìnlẹ̀ ALSA á kọsẹ̀. Àwọn ètò kan, bíi Adobe Flash tí gbogbo ayé fi ń wo fídíò nígbà náà, á lọ bá ALSA tààrà, á sì gba káàdì. Àwọn oníṣe bú PulseAudio. PulseAudio nawọ́ sí díráfà. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìmọ̀ràn tó gbòde ni pé kí ẹ yọ PulseAudio dànù.

Èmi ò fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà, nítorí pé ó ní àwọn tó dùn ju gbogbo wa lọ. Ẹni tó ríran, bí ìró bá lọ, orin ló pàdánù. Ẹni tí kò ríran, kọ̀ǹpútà lápapọ̀ ló pàdánù, nítorí etí ló fi ń kà á. Orca ni ètò tó ń ka ojú GNOME fún irú wọn. Espeakup sì ń ka ojú ìkọ̀wé dúdú tó wà kí èèyàn tó wọlé. espeakup á jí pẹ̀lú ẹ̀rọ, á sì di káàdì mú. PulseAudio á jí lẹ́yìn tí oníṣe bá wọlé, nítorí pé oníṣe kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wà lórí ẹ̀rọ kan náà má baà gbọ́ ohun tó ń sọ sí gbohùngbohùn. Bí espeakup kò bá tú káàdì sílẹ̀, Orca á yadi. Ẹni náà á wá jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò sì lè bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tí ìjà yìí ń ná àwọn èèyàn nìyẹn. PulseAudio kò ṣe é láti fi ni wọ́n lára. Ìdí rẹ̀, ààbò ohùn, dára. Ṣùgbọ́n ìdí tó dára kò sọ fún ẹni tí kò ríran ibi tí yóò gbà jáde.

Kíkan ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà gbígbọ́ èdè

Àdéhùn gidi àkọ́kọ́ wáyé ní 2009, láàárín PulseAudio àti JACK. Wọ́n fẹnu kò lórí bí èèyàn ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ lo káàdì yóò kọ́kọ́ gba orúkọ káàdì náà lórí D-Bus, ibi tí àwọn ètò ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti gba orúkọ yẹn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú u sílẹ̀, yóò sì sọ ipò tí òun wà. Bí ipò rẹ̀ bá ju ti ẹni tó wà níbẹ̀, onítọ̀hún á kó ẹrù rẹ̀, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. JACK ló ni ipò tó ga, nítorí pé olórin kò lè dúró. ReserveDevice1 ni wọ́n pe àdéhùn náà. Ó dá ìjà dúró, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì ń dákẹ́ kí ẹnì kejì tó sọ̀rọ̀.

Ẹni tó mú ìyókù wá ni Wim Taymans, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó ń ṣiṣẹ́ fún Red Hat, ọ̀kan lára àwọn tó dá GStreamer sílẹ̀. Ní 2015, fídíò ló wà lọ́kàn rẹ̀: bí ètò púpọ̀ ṣe lè jọ lo kámẹ́rà kan. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ títí ó fi kan ìró, ó sì di PipeWire. Taymans kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó tún ètò rẹ̀ kọ. Ó jẹ́ kí PipeWire gbọ́ èdè gbogbo àwọn tó ti wà nílẹ̀. Ètò tó bá ń sọ èdè PulseAudio yóò bá pipewire-pulse pàdé, yóò sì rò pé PulseAudio ni. Ètò tó bá ń sọ èdè JACK yóò rò pé JACK ni. Èyí tó bá ń sọ ALSA náà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Alágbàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, olórin àti ẹni tó ń wo fídíò sì ń lo káàdì kan náà lásìkò kan náà.

Fedora 34 gbà á ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Ubuntu 22.10 ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, GNOME inú Debian 12 ní oṣù kẹfà ọdún 2023. PipeWire 1.0 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 kan náà.

Bí ìjà bá ń lọ nílé yín

Bí ẹ bá ṣe àtúnṣe sí ẹ̀rọ àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí PulseAudio àti PipeWire jọ wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń dù, nítorí pé pipewire-pulse ń jẹ́ orúkọ PulseAudio. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀: ẹ kọ pactl info. Bí ẹ bá rí "PulseAudio (on PipeWire" lẹ́gbẹ̀ẹ́ Server Name, PipeWire ló ń dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó di káàdì mú gan-an, ẹ kọ fuser -v /dev/snd/*.

Ẹ má wulẹ̀ pa PulseAudio kí ẹ sì lérò pé ó ti lọ. Socket rẹ̀ ṣì wà lójúfò. Bí ètò kan bá kan ilẹ̀kùn, socket á jí i padà. Ẹ dá àwọn méjèèjì dúró pọ̀:

systemctl --user --now disable pulseaudio.service pulseaudio.socket
systemctl --user mask pulseaudio.service pulseaudio.socket
systemctl --user --now enable pipewire pipewire-pulse wireplumber

WirePlumber tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń pinnu ìró tó máa lọ sí sípíkà àti èyí tó máa lọ sí hẹ́dífóònù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, PipeWire á wà láàyè, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí yóò darí ìró sí. Ẹ mú alágbàtà kan, ẹ fi í sípò pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì.

Ohun tí onímọ̀ èdè rí níbẹ̀

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé bí ìṣirò alágbàtà kan ṣe dára tó kọ́ ló ń sọ bóyá yóò pẹ́. ALSA gbọ́ èdè OSS, ó gba ipò rẹ̀. PulseAudio gbọ́ èdè esd, ó gba ipò rẹ̀. Ó gbọ́ ALSA ní ààbọ̀, ó sì jìyà ààbọ̀ tí kò gbọ́. aRts sọ èdè tirẹ̀ nìkan, ẹ̀dá rẹ̀ sì jinlẹ̀. Nígbà tí KDE 4 dé ní 2008, wọ́n fi í sílẹ̀. PipeWire gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Ìtàn Esperanto náà kò jìnnà sí èyí. Láti 1887 tí Zamenhof ti gbé e jáde, gírámà rẹ̀ tọ́ ju ti ọ̀pọ̀ èdè lọ, síbẹ̀ ayé kò torí ìyẹn ju èdè ìyá wọn nù. Àwọn èèyàn kì í ṣí kúrò nínú èdè wọn nítorí pé ẹnì kan kọ́ ilé tó dára sí òdìkejì. Ògbufọ̀ ni wọ́n máa ń wá.

Iṣẹ́ kù o. PipeWire náà jẹ́ ti oníṣe kọ̀ọ̀kan; ẹni tí kò ríran tó ń ti ojú ìkọ̀wé dúdú lọ sí GNOME ṣì lè bá ìdákẹ́jẹ́ pàdé lójú ọ̀nà. Nínú yín tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni mo rọ̀ yín kí ẹ yà sí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí afọ́jú kò bá rí ọ̀nà kankan wọ̀, wọn ò tíì ná an tán.